Ẹ má torí àjálù Baṣọ̀run ti ilẹ̀kùn tíátà mọ́ àwọn ọmọ wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Láti ìgbà tí àjálù Baṣọ̀run ti ṣẹlẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn òbí àti àwọn tó ni ilé ìwé aládàáni n'Ìbàdàn, mi ò sì fara mọ́ ọn. Wọ́n ní kí a má kó ọmọ lọ síbi àjọ̀dún eré àti ijó mọ́, pé inú kíláàsì ni ààbò wà.

Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ọmọ 35 ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Islamic High School, Baṣọ̀run, níbi ayẹyẹ tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ wá fi ṣọdún. Àwọn òbí tó sin wọ́n ṣì ń bá wa gbé ìlú yìí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká sọ ohun tó pa wọ́n bó ṣe rí gan-an. Ohun ọ̀fẹ́ ni wọ́n kéde, èrò sì ti kún ẹnu géètì kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ iye ọmọ tó ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè kápá wọn nígbà tí ìtì-síwá-sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀. Kí ni èyí fi jọ kíláàsì kan tí olùkọ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ ibẹ̀ sílẹ̀, tó kà wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, tó kà wọ́n sọ̀, tí kálukú sì ní ìjókòó tirẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé?

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀ ni mí. Láti 2021 sí 2025, The Lion and the Jewel tí Wọlé Ṣóyínká kọ wà lára ìwé tí àwọn ọmọ wa kà fún ìdánwò WAEC. Ìbàdàn níbí, ní Arts Theatre Yunifásítì, ni wọ́n ti ṣe eré náà ní 1959. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ará abúlé ti fi ijó sín àlejò kan jẹ, ará Èkó tí mọ́tò rẹ̀ kú sínú igbó. Ọmọbìnrin mẹ́rin lóṣòó sílẹ̀, wọ́n di táyà mọ́tò, ìlù sì ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń lọ àti bó ṣe kú. Nínú ìwé, ìtọ́ni fún òṣèré lásán ni gbogbo rẹ̀. Fífò ni àwọn ọmọ ń fò ó kọjá nítorí kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu tó pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni eré náà ti ń mí. Kò sí àlàyé tí mo lè fi ṣọ́ọ̀kì ṣe lójú pátákó tó máa ṣe ohun tí ìlù àti ẹsẹ̀ òṣèré ń ṣe fún ọmọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ tí kò rí eré rí, tó kàn há ìdáhùn sórí, kò tíì ka eré.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀nà kò jìn. Ẹ dúró ní Agbowó, géètì Yunifásítì wà níwájú yín. Àwọn ilé ìwé ní Bódìjà kò ṣíwọ́ kíkó ọmọ lọ wo kìnnìún àti ọ̀bọ ní ọgbà ẹranko tó wà nínú Yunifásítì yẹn, òbí kì í sì í ráhùn. Inú ọgbà kan náà ni tíátà wà. Láàrin àwọn ọdún 1960, àwọn òṣèré Yunifásítì yìí ló ń gbé ìtàgé sórí ọkọ̀ àjàgbé, tí wọ́n ń gbé eré tọ àwọn èèyàn lọ láti ìlú dé ìlú. Lónìí, ọmọ tó ń gbé òdìkejì títì kò dé ibẹ̀ rí.

Àwọn mìíràn ní ìbọ̀rìṣà ló ń fara pamọ́ sínú eré wọ̀nyí. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn. Kí òbí tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á má fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n kó má dí ọ̀nà ọmọ ẹlòmíràn. Inú ìjọ Áńgílíkà ni Dúró Ládípọ̀, òṣèré àti òǹkọ̀wé eré, ti dàgbà. Nígbà tó fi dùndún sí orin Àjíǹde ní 1961, tí àwọn kan nínú ìjọ l'Óṣogbo bínú sí i, Mbari Club, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tó wà nítòsí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn nígbà náà, ló ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ní 1963 ó gbé Ọba Kò So, eré nípa Ṣàngó, jáde, ní 1964 ó gbé e dé Berlin ní Jámánì. Àwọn Òyìnbó jókòó wo Ṣàngó, àwa ń bẹ̀rù kí ọmọ Yorùbá má rí i!

Ẹ wo oṣù Kẹjọ náà. Ìgbà yẹn ni ọdún Ṣàngó l'Ọ̀yọ́, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé àwọn àṣà àjogúnbá ní 2023, máa ń bọ́ sí. Ọ̀ṣun Òṣogbo wà nínú oṣù yẹn kan náà, bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ilé ìwé sì ti wà ní ìsinmi nígbà náà. Bí a kò bá ṣètò tiwa nígbà tí ọmọ wà níléèwé, àwọn tó rówó nìkan ló máa kó ọmọ wọn lọ.

Ohun tí mo ń béèrè kò ju agbára ìjọba ìpínlẹ̀ lọ. Kí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ àti ti àṣà jọ ya òwúrọ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ ní táámù kìíní ní Cultural Centre Mọ́kọ́lá, ilé tí Demas Nwoko ya àwòrán rẹ̀, fún àwọn ilé ìwé ìjọba. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ ju iye ìjókòó lọ. Ilẹ̀kùn àbájáde gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kí nọ́ọ̀sì sì wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pín ẹ̀bùn lẹ́nu géètì. Owó ọkọ̀ àwọn ọmọ Agbowó, Challenge àti Ring Road ni kí ìjọba san, nítorí ibẹ̀ ni ìlérí ti sábà máa ń já.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan ní Agbowó, Ìbàdàn