Ìlà kan kọ́ ni ìṣirò oko: ẹ fún oṣù kọ̀ọ̀kan ní ìlà tiẹ̀!

Ọ̀rọ̀ tòní le díẹ̀, ẹ má bínú.

Ẹ wo irú ìṣirò tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ. Ká fi eléyìí ṣe àpẹẹrẹ: «Adìyẹ ẹlẹ́yin 200. Oṣù kẹwàá 2023 sí oṣù kẹta 2025. Owó tó jáde, mílíọ̀nù 7. Owó tó wọlé, mílíọ̀nù 8. Èrè, mílíọ̀nù 1.» Ó parí! Ìlà kan ṣoṣo fún oṣù 18. Wọ́n á tún máa fi han ọ̀rẹ́ pé ẹ wá wo bí iṣẹ́ adìyẹ ṣe dùn tó.

Mo ní irọ́ ni. Àpapọ̀ ẹ̀ lè pé o, kó má fi kọ́bọ̀ kan dín, síbẹ̀ irọ́ ló ń pa fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú u. Ọmọ adìyẹ wọlé lọ́jọ́ 10 oṣù kẹwàá. Adìyẹ ẹlẹ́yin kì í sábà bẹ̀rẹ̀ sí í yé títí á fi tó ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Ẹ fi ìka kà á: ó di ìparí oṣù kejì 2024 kẹ́ ẹ tó rí ẹyin, wẹ́wẹ́ sì ni ẹyin àkọ́kọ́ yẹn, kò lówó lórí. Tí ẹ bá wá fún oṣù kọ̀ọ̀kan ní ìlà tiẹ̀, oṣù kẹwàá, ìkọkànlá, ìkejìlá, ìkíní, ìkejì, owó ń jáde nínú gbogbo wọn. Owó tó wọlé ńkọ́? Òdo, òdo, òdo, òdo, àti nǹkan tí kò jìnnà sí òdo.

Ibẹ̀ yẹn lowó ti ń tán lọ́wọ́ èèyàn. Iṣẹ́ náà lérè, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ tán ní oṣù kẹrin, ló bá ta adìyẹ tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó yé fún àwọn tó máa sè é jẹ. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ò ní fi ibẹ̀ hàn yín láéláé.

Àwọn kan á ní àwọn náà máa ń ya oṣù sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n á mú mílíọ̀nù 7, wọ́n á pín in sí 18 dọ́gba-dọ́gba. Ṣé bí ọmọ adìyẹ ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ń jẹ ni ìyá adìyẹ ṣe ń jẹ? Adìyẹ 200 tó ti ń yé á jẹ nǹkan bíi kílò 23 lójúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò kílò 25 kan. Owó oúnjẹ, oògùn àti iṣẹ́, oṣù tí ẹ ná an gan-an ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.

Owó ilẹ̀ nìkan ló dáa kẹ́ ẹ pín dọ́gba, torí ojoojúmọ́ lẹ ń lò ó. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún 240 lọ́dún, ẹgbẹ̀rún 20 lóṣù nìyẹn. Ẹ má gbé ẹgbẹ̀rún 240 sí ìlà méjèèjìlá o! Tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀, á di 2,880,000, ẹ ó wá máa pariwo pé onílẹ̀ fẹ́ pa yín. Tó bá sì jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹrin lẹ gba ilẹ̀, tó parí lọ́jọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún kejì, ìlà 13 ni, kì í ṣe 12. Oṣù kẹrin méjèèjì á gba ìdajì, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Lórí Excel tàbí Google Sheets, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ kọ ọjọ́ kìíní oṣù tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí A2. Ẹ kọ =EDATE(A2,1) sí A3, kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀ títí oṣù á fi pé. Tó bá gbé 45231 wá dípò ọjọ́, ẹ má bẹ̀rù, oṣù kọkànlá 2023 náà ni. Ẹ kàn ní kó fi hàn bí ọjọ́. Ọjọ́ kìíní ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ o. Ẹni tó bá fi ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2024 bẹ̀rẹ̀, á bọ́ sí 29 oṣù kejì, kò sì ní padà sí 31 mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní «èmi ò kàwé, èmi ò ní kọ̀ǹpútà», ṣé ìwé olójú-ewé 40 náà ò sí ni? Ọmọ ilé ìwé tó wà nílé yín lè fa ìlà 18. Àwọn baba wa tí kò mọ̀wé ya òjò àkọ́rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àrọ̀kúrò, wọn ò da ọdún pọ̀ sójú kan.

Àmọ́ àwọn tí mò ń bá wí jù ni àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù àtàwọn tó ń yá àgbẹ̀ lówó. Fọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù nínú tiyín, «láti ìgbà wo» àti «di ìgbà wo» ló wà níbẹ̀. Ẹ ó wá pín èrè mílíọ̀nù 1 sí oṣù 18, ẹ ó rí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 55, ẹ ó ní kí èèyàn máa san án láti oṣù kejì. Níbo ni kó ti rí i? Lára adìyẹ tí ogbe orí ẹ̀ ò tíì yọ dáadáa? Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di onígbèsè, ẹ tún ń pè é ní aláìṣòótọ́ nínú ìpàdé. Tí ẹ bá ti rí òdo márùn-ún yẹn lójú ìwé, ẹ ò bá sún ìsanpadà sí oṣù kẹfà tàbí ìkeje.

Nítorí náà, fọ́ọ̀mù tó ń bọ̀, ẹ fa ìlà sí i: oṣù, owó tó jáde, owó tó wọlé, iye tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́. Tí ẹ bá ní ìwé náà ò gbà á, ẹ yí i sí ẹ̀yìn.