De Gaulle àti Ogun Biafra

Charles de Gaulle, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, kò fìgbà kankan gba Biafra, apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà tó fẹ́ dá dúró, ní orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí ogun náà pẹ́. Aáwọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀: ní oṣù kìíní ọdún 1961, Nàìjíríà lé aṣojú Faransé lọ nítorí bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n ń dán wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà.

Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1968, ìjọba Faransé ní kí àwọn ará Biafra fúnra wọn yan ọ̀nà tí wọ́n fẹ́. Lábẹ́nú, ohun ìjà ń gba Libreville àti Abidjan kọjá. Bàálù á balẹ̀ ní pápá Uli ní Biafra lóru, wọ́n á tan iná pápá díẹ̀, wọ́n á sì tún pa á. Gabon àti Côte d'Ivoire ti gba Biafra ní orílẹ̀-èdè láti oṣù karùn-ún, Houphouët-Boigny, ààrẹ Côte d'Ivoire, gan-an sì wà lára àwọn tó ń ti De Gaulle láti ran Biafra lọ́wọ́.

Ebi tó ń pa àwọn ọmọdé ni Paris ń tọ́ka sí, òótọ́ sì ni ebi náà. Àmọ́ Nàìjíríà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké tí Faransé ń darí kò tẹ́ De Gaulle lọ́rùn. Ó fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1969. Biafra túúbá ní oṣù kìíní ọdún 1970.