A Kì Í Fi Iná Sórí Òrùlé Sùn: Òwe Kan àti Ọ̀rọ̀ Iná Ìgbẹ́

“A kì í fi iná sórí òrùlé sùn” ni òwe tí Yorùbá ń pa fún ẹni tí ewu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò sì kọbi ara sí i. Láyé àtijọ́, koríko bíi bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé, ẹ̀ta iná kan ṣoṣo sì lè sọ odindi agboolé di eérú mọ́jú. Páànù ti gba ipò koríko lórí ilé, ṣùgbọ́n koríko náà ṣì kún oko àti ọ̀dàn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, gbogbo ìgbẹ́ di òrùlé gbígbẹ. Ẹni tó ṣáná sí i tó sì kọrí sílé ti ṣe ohun tí òwe yìí kọ̀ gan-an.

Ohun mẹ́ta ni iná ìgbẹ́ fi ń rìn: ohun gbígbẹ tí yóò jẹ, afẹ́fẹ́ tí yóò máa fẹ́ ẹ, àti ẹni tó ṣáná. Ẹ̀ẹ̀rùn àti ọ̀yẹ́ tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń pèsè méjì àkọ́kọ́, láti ìparí oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì tàbí Kẹta. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló sábà máa ń pèsè ẹ̀kẹta. Àgbẹ̀ ń sun oko tó ṣán, ọdẹ ń finá lé ọ̀yà jáde, ẹni tó ń wá oyin ń fi èéfín lé oyin, darandaran ń sun koríko kí tútù lè hù, arìnrìn-àjò sì ń ju ìdí sìgá sẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí èyí tó fẹ́ jó oko olóko nínú wọn. Wọ́n kàn dáná, wọn kò dúró tì í ni.

Ohun tí ìwà yìí ń ná ni kò kéré. Ní ọdún 1983, nígbà tí ọ̀dá mú ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, iná jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko kòkó run ní orílẹ̀-èdè Gánà. Igi kòkó kì í so títí tí yóò fi tó bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, nítorí náà iná ọ̀sán kan lè gba oúnjẹ ọdún púpọ̀ lẹ́nu ìdílé.

Ìtumọ̀ kan tí òwe náà ní ni pé kí a má gbé iná síbi tí kò yẹ, nígbà tí kò yẹ. Igbó ọba Olókè-Méjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1929 ni àwọn onímọ̀ igbó ya ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ níbẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n ń sun ọ̀kan ní kùtùkùtù ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì lọ́rinrin díẹ̀. Wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tó ti gbẹ pátápátá. Wọn kò sì jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún 28, èyí tí iná kò dé ti ń padà di igbó kìjikìji. Igi ṣì pọ̀ díẹ̀ lórí èyí tí wọ́n ń tètè sun, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti di ọ̀dàn tí igi rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí sísun kò bá ṣeé yẹ̀, kí ó tètè wáyé.

Kí ọ̀yẹ́ tó dé ló yẹ kí olóko ti ro ààlà oko rẹ̀ yíká títí ilẹ̀ pupa yóò fi hàn, kí ibi tó ro náà sì fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta gíga koríko tó wà nítòsí. Ewé gbígbẹ tó kún abẹ́ kòkó àti kaṣú ní ẹ̀bá ààlà náà yẹ ní gbígbá kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ sun oko yóò sọ fún ẹni tí wọ́n jọ pààlà, yóò kó ènìyàn jọ, yóò pọnmi sílẹ̀, yóò yan àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ rọ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí eérú yóò fi tutù lọ́wọ́.

Bí iná bá ti já, ẹ̀mí ṣáájú oko. Kí wọ́n kó ọmọdé àti arúgbó kúrò, kí wọ́n sì pe 112 níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dojú kọ orí iná, nítorí ibẹ̀ ló gbóná jù, tó sì ń sáré jù. Iná tún máa ń yára gun òkè ju bó ṣe ń sọ̀ lọ, nítorí náà a kì í dúró sókè rẹ̀. Láti ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, lórí ilẹ̀ tó ti jó tán, ni wọ́n ti ń fi imọ̀ ọ̀pẹ tútù tàbí ẹ̀ka eléwé tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Aṣọ òwú ló dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí aṣọ ọ̀rá máa ń yọ́ mọ́ ara. Ẹni tí iná bá jó, omi tútù tó ń ṣàn ni kí wọ́n dà sí ojú ibi tó jó fún ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Epo pupa, ẹyin àti ọṣẹ ìfọyín kì í ṣe oògùn rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọwọ́ iná bá kú, ògúnná ṣì lè wà nínú kùkùté tó jẹrà, kí ó sì tún ràn lọ́jọ́ kejì. Òwe náà kò tíì gba ẹnikẹ́ni láyè àti sùn.

Àtúnṣe oko lẹ́yìn iná náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Igi kòkó tó wọ́ ewé kì í ṣe òkú dandan: bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀ díẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, kí wọ́n dúró de òjò, yóò rú láti ìdí. Ọkàn ọ̀pẹ wà láàárín orí rẹ̀, ó sì sábà máa ń yè. Kí wọ́n tẹ́ igi tó jó sílẹ̀ ní ìbú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí àgbàrá má baà gbá erùpẹ̀ lọ, kí wọ́n sì tètè gbin ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà láti bo ilẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò ṣíji bo kòkó tuntun. Ọ̀wẹ̀ ará abúlé máa ń sọ iṣẹ́ oṣù kan di iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, NAIC, wà fún irú òfò yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ kí iná tó dé ló ń ràn lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí Baálẹ̀, àgbẹ̀, ọdẹ àti darandaran pàdé kí oṣù Kọkànlá tó parí. Kí wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ tí wọn yóò sun ìgbẹ́ àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Kí ẹni tó bá ṣáná mọ̀ pé òun ni yóò dúró tì í títí yóò fi kú.