Fọ́tò tó mú ọbabìnrin orí irọ́ padà sí àyè ara ẹ̀

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹ wo ohun tá à ń ṣe láyé ìsinsìnyí. Bí àìsàn ọpọlọ bá kọlu èèyàn lójú títì, kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé kí ló dé, ogún fóònù ti yọ síta, wọ́n ti ń ya á. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti di ẹ̀rín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ fọ́tò kan náà yẹn lè ran aláìsàn lọ́wọ́ o.

Dókítà kan wà n'Ílùú Ọba, Hugh Diamond lorúkọ ẹ̀. Láti 1848 dé 1858, òun lọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn obìnrin nílé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ní Surrey. Kámẹ́rà ò tíì pẹ́ láyé nígbà náà, òun sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ló bá ń ya àwọn aláìsàn ẹ̀. Lọ́dún 1856, ó ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ Royal Society nípa obìnrin kan tó gbà pé ọbabìnrin lòun, pé owó òun ò lóǹkà. Wọ́n ya á, wọ́n fi fọ́tò hàn án. Ló bá ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣáá. Diamond ní ibẹ̀ gan-an lara ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá, títí tó fi lọ sílé.

Ẹnu dókítà la ti gbọ́ ìyẹn, a ò gbọ́ tẹnu obìnrin náà. Àmọ́ lónìí, kámẹ́rà ti bọ́ sọ́wọ́ aláìsàn fúnra ẹ̀. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá mú, ṣe ló máa ń tìlẹ̀kùn mọ́rí. Tó bá pinnu pé òun á ya fọ́tò kan ṣoṣo lójúmọ́, á di dandan kó jáde, kó wo adìẹ, kó wo ìyá alákàrà. Bí ọ̀rọ̀ bá sì wúwo lẹ́nu ẹ̀, fọ́tò á bá a sọ ọ́ fún dókítà.

Ṣùgbọ́n fọ́tò ò lè dípò oògùn. Aro wà l'Abẹ́òkúta, Yábàá wà l'Ékòó, ẹ gbé aláìsàn yín lọ. Òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní January 2023, tó rọ́pò òfin 1958, sì ti sọ ọ́ pé aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ tiẹ̀.

Ẹ̀yin tí fóònù ń yún lọ́wọ́, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya ọmọ ọlọ́mọ. Bẹ́ ẹ bá sì lẹ́ni tára ẹ̀ ò yá nílé, ẹ gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́, kóun náà ya ohun tójú ẹ̀ ń rí. Ojú lọ̀rọ̀ wà.