Ajá Wọ Bàálù, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rín Kọ́

Bí a bá sọ fún ẹnìkan nínú wa pé àwọn kan wà ní òkè òkun tí wọ́n ń fi bàálù ara wọn gbé ajá aláìnílé láti ìlú kan dé òmíràn láìgba kọ́bọ̀, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Yóò ní owó ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Yóò ní èèyàn ò tíì rí bàálù wọ̀, ajá ti ń wọ̀ ọ́. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ náà dára, ó sì lọ́gbọ́n nínú, ṣùgbọ́n ààbọ̀ iṣẹ́ ni bí bàálù bá ń kó ajá jáde tí kò gbé dókítà ẹranko wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ọdún 2008, Debi Boies, ará South Carolina ní Amẹ́ríkà, fẹ́ gba ajá Doberman kan tọ́, ṣùgbọ́n Florida ni ajá náà wà. Jon Wehrenberg, tó ń wa bàálù, ní òun yóò lọ gbé e wá. Láti inú oore kan yìí ni ẹgbẹ́ Pilots N Paws ti bẹ̀rẹ̀. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń kó ajá aláìnílé sí ló máa ń kún àkúnya, tí wọ́n á sì fún àwọn tí kò rí olùgbà ní abẹ́rẹ́ ikú. Ní ìhà àríwá, àwọn tó fẹ́ gba ajá wà tí wọ́n ń retí. Ọ̀nà ló jìn. Awakọ̀ òfuurufú á fi owó ara rẹ̀ ra epo, á gbé ajá dé ibì kan, ẹlòmíràn á gbà á lọ síwájú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹni tó mọ ibi tí ajá wà kò ní bàálù, ẹni tó ní bàálù kò mọ ibi tí ajá wà.

Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, bàálù kékeré kan tó gbé ajá mẹ́ta já lulẹ̀ ní àwọn òkè Catskill, ní ìpínlẹ̀ New York. Awakọ̀ kú, ajá kan kú, méjì yè. Ṣé ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu báyìí ni a ó pè ní ẹni tí owó ń yọ lẹ́nu?

Ní Kánádà ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ní àríwá Manitoba àti Ontario, àwọn ìran tó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé ní àwọn ìletò tí títì kò dé. Bàálù ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Ìgbà òtútù nìkan, tí adágún omi bá dì gbagidi, ni mọ́tò lè gba orí rẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìletò yìí kò ní dókítà ẹranko. Oyún ajá kò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ, abo sì lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi kún ìlú, tí wọ́n á máa bu ọmọdé jẹ, tí wọ́n á sì máa yìnbọn pa wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn aláàánú fi ń fi bàálù kó lára wọn lọ sí gúúsù.

Àwọn kan ní ìkà ni àwọn ará ibẹ̀. Irọ́ ni! Ajá ló ń fa ẹrù àwọn baba ńlá wọn lórí yìnyín, gẹ́gẹ́ bí ajá ṣe ń bá àwọn ọdẹ tiwa wọ igbó. Kì í ṣe ìkà, àìsí dókítà ni. Bí a bá kó gbogbo dókítà ẹranko kúrò ní ìlú ńlá kan fún ọdún márùn-ún, ajá á gba ìgboro ibẹ̀ náà.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Bí a bá kó ogún ajá jáde lónìí, tí abo méjì àti akọ kan ṣẹ́kù, apẹ̀rẹ̀ la fi ń pọnmi. Kí bàálù tó ń lọ gbé ajá má lọ lófìfo. Kí ó gbé dókítà àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n tẹ akọ lọ́dàá, kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún abo. Àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìjọba fi í sílẹ̀ fún aláàánú nìkan.

Ẹni tó bá ní èèyàn ló yẹ kí a kọ́kọ́ tọ́jú, kí ó rántí àrùn ajá dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọ̀dọ̀ ajá ni ó tó 99 nínú 100 àwọn èèyàn tí àrùn náà mú ti ń kó o. Ẹni tó fún ajá lábẹ́rẹ́, ọmọ èèyàn ló tọ́jú.

Kí ló wá kàn wá? A kò ní bàálù, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ wọ̀nyẹn kò fi ju ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe tọrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko, ọjọ́ mẹ́ta nínú ìsinmi yín pẹ̀lú olùkọ́ yín ní abúlé tí kò rí abẹ́rẹ́ ajá, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹgbẹ́ tó lè dá owó ijó ọdún lè dá owó ọkọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí á gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.