Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Wọ́n Fi Kábáídì Pọ́n

Àwa tí a ń ra èso ní Kétu àti Máìlì 12 ti rí i rí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ara rẹ̀ pọ́n ròrò, tí inú rẹ̀ le gbagidi, tí kò tilẹ̀ ní òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kábáídì àwọn wẹ́dà ni àwọn kan (kì í ṣe gbogbo oníṣòwò o) fi ń ṣe é. Bí òkúta yìí bá ti kan omi, kódà ọ̀rinrin ara èso, á tú gáàsì jáde. Gáàsì náà á tan èso bí ẹni pé àsìkò rẹ̀ ti tó. Ooru inú àpò náà lè mú un yá sí i. NAFDAC ti ń kìlọ̀ pé ásẹ́níìkì lè wà nínú rẹ̀, májèlé tí sísè tàbí dídín kò lè pa.

Lójú tiwa, ìrẹ́nijẹ ni, owó rẹ̀ kò sì mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwa olùrà náà kò mọ́ tán: a fẹ́ kó pọ́n lónìí dandan. Ẹ ra èyí tó gbó dáadáa, ẹ kó o sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan tó ti pọ́n, kí ẹ fi àpò bò ó. Èso tó pọ́n ń tú gáàsì tirẹ̀ tí kò lóró. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, dòdò ìṣínu ti dé.