Ta Ló Pa Á, Tàbí Ta Ló Kú?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ní ẹjọ́ kan láti rò, àwọn ọmọ ilé mi ni mo sì fẹ́ bá rò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pè mí lẹ́jọ́. Ní Ọ̀fà níhìn-ín, bí iná bá dé lálẹ́, yàrá àlejò mi kì í ṣe tèmi mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò ti gba gbogbo àga, wọn yóò ti ilẹ̀kùn, wọn yóò sì tan fíìmù Kòríà sílẹ̀. Wọn kò gbọ́ èdè náà. Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń kà á kíákíá ju bí wọ́n ti ń ka ìwé tí olùkọ́ yàn fún wọn lọ. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, n ó sì ṣe bí ẹni tí kò wo nǹkan kan. Irọ́ ni. Mo ń wò ó. Mo ti wò ó tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń mọ ẹni tí yóò kú kí ó tó kú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà mí mọ́ àwọn àgbà tí ń sọ pé fíìmù òkèèrè ni ó ba ayé jẹ́. Àwa náà ti ṣe ọmọdé rí. Nígbà tí fíìmù Ṣáínà gbòde, tí orúkọ Bruce Lee kò kúrò lẹ́nu wa, owó oúnjẹ ni a fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, a ó sì máa ta ara wa nípàá bọ̀ wálé láti ibi sinimá. Ìlú tí ó fi ìjàkadì ṣe orò, báwo ni irú eré bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní wọ̀ ọ́ lára? Ṣùgbọ́n ìjà kọ́ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wò. Ìpànìyàn ni wọ́n ń wò, àti bí a ti ń wá apànìyàn.

N ó kọ́kọ́ san gbèsè tí mo jẹ àwọn ará Kòríà kí n tó bá wọn jà. Àhunpọ̀ ìtàn wọn dára. Nínú Stranger tí ó jáde ní 2017, agbẹjọ́rò ìjọba kan wà tí ń jẹ́ Hwang Si-mok, tí iṣẹ́ abẹ tí a ṣe sí ọpọlọ rẹ̀ nígbà èwe ti gba ìbínú àti ẹ̀rín kúrò lára rẹ̀. Kì í pariwo, kì í sì í lá àlá. Ohun tí ó rí ni ó fi ń tọ ipasẹ̀ ohun tí kò rí. Ẹ̀rí kan yóò bí òmíràn, òmíràn yóò sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀ gan-an.

Ẹ wá fi èyí wé ọ̀pọ̀ nínú fíìmù àgbéléwò tiwa. Ọkùnrin kan pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí ilẹ̀. Fún wákàtí kan ààbọ̀, kò sí ẹni tí ó béèrè ìbéèrè kan. Ọlọ́pàá wọlé, ó gba owó, ó jáde. Nígbà tí ó bá yá, wòlíì kan yóò ríran, tàbí kí apànìyàn náà ṣàdédé ya wèrè láàrin ọjà, kí ó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka oyè. Bí kò bá wá ya wèrè ńkọ́? Ìtàn kò ní parí nìyẹn. N kò sọ pé kí a lé wòlíì àti babaláwo kúrò nínú eré wa, nítorí wọ́n wà nínú ayé wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé òǹkọ̀wé tí ó ya ọ̀lẹ ni ó ń rán wọn ní iṣẹ́ tí ó yẹ kí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Àwọn ọmọ yìí sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni a ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú, Yorùbá kò ní irú èyí," ni ọ̀kan nínú wọn wí fún mi. Mo bínú. Mo dìde, mo lọ fa Àjà Ló Lẹrù yọ nínú àpótí ìwé. Ọdún 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé ìwé náà jáde, ó sì fi Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé inú rẹ̀ ti ṣe ọlọ́pàá rí. Kì í dúró de ìran, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti àròjinlẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń wá ọ̀daràn kiri. Kọ́lá Akínlàdé náà ń bẹ, ẹni tí ó fi Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, jíǹkí wa. Kí Kòríà tó máa ta eré fún gbogbo ayé ni a ti ní ìwọ̀nyí nílé. Àwa ni a fi wọ́n sílẹ̀ fún ikán.

Gbèsè ti tán. Ó di ìjà wàyí.

Ní 2021 ni Mouse jáde. Ìpìlẹ̀ ìtàn náà ni pé onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ti rí ọ̀nà tí a lè fi mọ̀ láti inú oyún bóyá ọmọ yóò di apànìyàn aláìláàánú. A wá fi ọlọ́pàá ọ̀dọ́ kan, Jung Ba-reum, ọmọ tí ara rẹ̀ yá mọ́ gbogbo ènìyàn, ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn. A ti bá a rìn jìnnà, a ti fẹ́ràn rẹ̀ tán, kí a tó mọ̀ pé òun gan-an ni apànìyàn tí a ń wá. Lálẹ́ ọjọ́ tí àṣírí yìí tú nínú yàrá mi, ariwo tí àwọn ọmọ náà pa fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé kúrò. "Ọpọlọ ọkùnrin yìí pé o!" "Ọ̀gá ni!" Mo bi wọ́n léèrè ohun kan ṣoṣo: kí ẹnì kan dárúkọ ẹni méjì nínú àwọn tí ó pa. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n mọ ohun tí ó fi pa wọ́n, wọ́n mọ bí ó ti tò wọ́n, wọ́n mọ àmì tí ó fi sílẹ̀. Orúkọ òkú ni wọn kò mọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní eré lásán ni, pé kí n má fi ṣe ìbínú. Èmi sì ní ìdí tí n kò fi lè pè é ní eré lásán. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè wọ ìlú yìí. Wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ń ti ilé ìfowópamọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn tí ó kú lé ní 30, ọlọ́pàá 9 sì wà nínú wọn. Ẹni tí ó wá gba owó wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń kọjá lọ sílé rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ náà wà níbẹ̀. Oṣù kẹsàn-án 2024 ni ilé-ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Kwara ní Ìlọrin tó dájọ́ ikú fún ènìyàn 5; ẹni tí a ní ó jẹ́ olórí wọn, ọlọ́pàá tí a ti lé lẹ́nu iṣẹ́, ti kú sí àtìmọ́lé kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀.

Ẹ wá lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ èyíkéyìí nílùú yìí kí ẹ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ irú ìbọn tí wọ́n gbé, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ti wọlé àti ọ̀nà tí wọ́n gbà jáde. Ẹ óò tilẹ̀ gbọ́ ohùn tí kò jìnnà sí ìyìn. Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ ẹni mẹ́ta nínú àwọn tí ó kú. Ohùn yóò rọlẹ̀, abẹ́ ìgbàjámọ̀ nìkan ni ẹ ó máa gbọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń bá tẹlifíṣọ̀n jà.

Àwọn ọmọ mi ní èsì, n kò ní fi pamọ́. Wọ́n ní ẹ̀bi ọkùnrin inú Mouse kọ́, pé a bí i mọ́ ọn ni. Èyí tí ó gbọ́n jù nínú wọn tilẹ̀ wí pé, "Bàbá, ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn àgbà ń pè ní àyànmọ́ náà nìyẹn?" Ó dákẹ́ lẹ́yìn náà, ó rò pé òun ti dá mi. Kò dá mi o. Lóòótọ́ ni a gbà pé ènìyàn kúnlẹ̀ kí ó tó wá sáyé, ó sì yan orí. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ni ó ní ẹsẹ̀ ni yóò gbé orí náà dé ibi tí ó ń lọ, wọ́n sì ń rú ẹbọ, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ. Èwo ni ẹ gbọ́ rí pé ní ààfin Ọlọ́fà tàbí níbikíbi nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n mú olè, olè ní àyànmọ́ òun ni, wọ́n sì ní kí ó máa lọ? Bí a bá ti lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni ó sọ ọ́ di apànìyàn, kò sí ẹni tí yóò béèrè ẹni tí ó gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, tàbí ẹni tí ó rí i tí ó mójú kúrò. Ibi tí irú àhunpọ̀ ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe ọ̀daràn lóore nìyẹn, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ń bú u.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí a ti ń ṣe é, kí ó wo Memories of Murder tí Bong Joon-ho ṣe ní 2003. Láàrin 1986 sí 1991 ni a pa àwọn obìnrin 10 ní agbègbè Hwaseong ní Kòríà, ọ̀rọ̀ wọn ni ó sì gbé sórí fíìmù. Àwọn ọlọ́pàá inú rẹ̀ ń lu ẹni tí wọ́n bá fura sí títí yóò fi jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Àwa tí a la ayé SARS kọjá, tí a rí ohun tí ó gbé àwọn ọ̀dọ́ jáde sí ìgboro ní oṣù kẹwàá 2020, kò sí ẹni tí yóò túmọ̀ ìyẹn fún wa. Fíìmù náà parí láìrí apànìyàn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àtijọ́ kan ṣáà yíjú sí wa, ó ń wò wá lójú, bí ẹni pé àárín wa ni ọ̀daràn jókòó sí. Ní 2019 ni àyẹ̀wò DNA tó tọ́ka sí Lee Choon-jae, ẹni tí ó ti wà lẹ́wọ̀n láti bí ọdún 25 nítorí pé ó pa àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ẹlòmíràn sì ti fi nǹkan bí ọdún 20 ṣẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀kan nínú àwọn ìpànìyàn Hwaseong yìí. Oṣù kejìlá 2020 ni ilé-ẹjọ́ tó kéde pé kò jẹ̀bi rárá. Àwọn ọmọ mi sùn kí fíìmù yìí tó dé ìdajì. Wọ́n ní kò ní ìparí.

Síbẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ wọn: ìgbà kan wà tí wọ́n sunkún. Squid Game ti 2021 ni. Ènìyàn 456 ni ó wọ inú eré ikú yẹn, ọ̀kan nínú wọn sì ni Ali, òṣìṣẹ́ tí ó wá láti Pakistan, tí ọ̀gá rẹ̀ kò san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ní kí ó máa pe òun ní ẹ̀gbọ́n ni ó fi òkúta sínú àpò rẹ̀ dípò ọta ìṣeré, tí ó tàn án lọ sí ikú. Ó yé àwọn ọmọ náà kíákíá. Ta ni kò ní ẹbí lẹ́yìn odi, tí wọ́n ń pe àjèjì ní ẹ̀gbọ́n kí wọ́n lè rí ibi sùn? Kò sí ẹni tí ó wí pé "Ọ̀gá ni" lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tí mo bínú sí nínú eré náà ni bàbá arúgbó, nọ́ńbà 001. A sunkún rẹ̀ bákan náà, kí a tó gbọ́ nígbẹ̀yìn pé kò kú, pé òun ni ó ni eré. Mo ní ìwà òṣónú ni kí òǹkọ̀wé gba omijé lójú ènìyàn kí ó tún fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ohun tí olówó máa ń ṣe fún wa náà kọ́ nìyẹn?" N kò rí èsì fún un, n kò sì tíì rí i títí di òní.

Mo sọ fún wọn pé bí owó bá wà lọ́wọ́ mi, n ó ní kí ẹnì kan ṣe eré ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin yẹn ní Yorùbá, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì yìnbọn: ẹni tí ó ń wá fìlà rẹ̀ kí ó tó lọ sí ilé ìfowópamọ́, ọlọ́pàá tí ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn lórí owó ilé-ìwé. Kí a má rí ojú adigunjalè kan títí eré yóò fi parí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí ẹni tí yóò rà á.

Iná lọ bí a ti ń jiyàn yìí. Àwọn yòókù bọ́ síta lọ gba atẹ́gùn. Ọmọ kan ṣẹ́kù, èyí tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nínú wọn. Ó ní, "Bàbá, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí lọ́jọ́ náà. Abẹ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ni mo wà títí ilẹ̀ fi ṣú." Mo bi í pé ta ni ó ti sọ fún rí. Ó ní kò sí ẹni tí ó bi òun rí. Mo wá àtùpà, mo tàn án, mo sì sún àga mi mọ́ ọn.